Òrùlé tó ń jò ní Abẹ́òkúta: èwo lẹ máa ṣe, èwo lẹ ò ní fowó ṣòfò lé lórí

Òjò ti dé, ẹni tí abọ́ àti búkẹ́ẹ̀tì wà káàkiri pálọ̀ ẹ̀ á ti mọ ara ẹ̀. Ní Abẹ́òkúta wa níbí, nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkẹrin ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á wá le gan-an ní oṣù kẹfà àti ìkeje, á sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, á tún padà dé ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, ìgbà yẹn sì ni kápẹ́ńtà kì í gbé fóònù mọ́, torí gbogbo èèyàn ló ń pè é lọ́jọ́ kan náà. Èyí tó bá sì ráyè wá, á gbójú sókè, á mirí, á ní "Ha, Dádì, ká kúkú pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ ni." Mi ò bá a jà, iṣẹ́ ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òrùlé ni wọ́n ti ṣí kúrò nílùú yìí tí páànù ibẹ̀ ò mọwọ́ mẹsẹ̀, gọ́tà ló jẹ̀bi, ìgbà tí wọ́n sì kan páànù tuntun tán, ó tún ń jò.

Ọ̀nà márùn-ún ni mo fẹ́ fi wéra: kéèyàn lẹ ibi tó ń jò, kó pààrọ̀ ìṣó, kó pààrọ̀ páànù díẹ̀, kó tún gọ́tà parapẹ́ẹ̀tì ṣe (gọ́tà tó pa mọ́ sẹ́yìn ògiri tó yọ sókè bo òrùlé), tàbí kó ṣí gbogbo òrùlé pátápátá. Ohun tí màá fi wọ̀n wọ́n rèé. Owó ni àkọ́kọ́, kì í ṣe tòní nìkan o, èyí tẹ́ ẹ máa tún ná lọ́dún tó ń bọ̀ lórí ohun kan náà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, bó ṣe máa pẹ́ tó. Ẹ̀kẹta, ta ló lè ṣe é dáadáa, torí iṣẹ́ kápẹ́ńtà yàtọ̀ sí ti bíríkìlà, ibi tí páànù ti pàdé ògiri gan-an sì ni àwọn méjèèjì ti máa ń ti ẹ̀bi síra wọn lọ́rùn. Èyí tó kù ni pé ilé ta ni, ayálégbé ò lè ronú bí onílé, ilé ẹbí tí gbogbo ọmọ bàbá jọ ni ín náà, ọ̀tọ̀ ni tiẹ̀. Mi ò ní kọ iye náírà síbí, torí iye tí mo bá kọ lónìí, kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á ó ti yí, màá kàn sọ èyí tó wọ́n ju èkejì lọ àti ohun tó ń jẹ owó nínú ẹ̀.

Ẹ wá ibi tí omi ti ń wọlé ná

Bí iná ò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ibi tí omi ti ń kán sórí bẹ́ẹ̀dì yín, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ibẹ̀ ló ti wọlé rárá. Omi á gba ẹ̀gbẹ́ ìṣó kan wọlé lókè téńté, á tẹ̀lé igi òrùlé sọ̀ kalẹ̀, á rìn jìnnà, ibi tí igi yẹn bá ti ní kókó tàbí ibi tó ti pàdé igi mìíràn ló ti máa já bọ́ sórí síìlìnì. Ìdí nìyẹn tí kápẹ́ńtà tó bá kàn wo àmì omi lórí síìlìnì, tó wá gun òkè lọ lẹ ọ̀gangan ibẹ̀, fi ń gba owó lọ́wọ́ yín lásán.

Ìgbà tó ń jò máa ń sọ púpọ̀. Tó bá jẹ́ pé bí òjò bá ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, kódà kó má tíì le, ó ti ń kán, ihò wà lórí páànù tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣó. Tó bá jẹ́ òjò oníjì nìkan ló ń jò, tí èyí tó rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ò ṣe nǹkan kan, atẹ́gùn ló ń ti omi gba abẹ́ ibi tí páànù ti gorí ara wọn, tàbí ibi tí páànù ti fara kan ògiri. Tó bá wá jẹ́ pé òjò á dá tán, oòrùn á fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ, ìgbà yẹn ló ń wá kán tó, tó, tó, ẹ má wo páànù rárá, omi ti dúró síbì kan lókè, ó ń wá ọ̀nà wálẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ tí ilẹ̀ bá gbẹ, ẹ wọ inú àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ kọ́kọ́ pa á kí ojú yín fi mọ́ òkùnkùn, ẹ máa rí ìmọ́lẹ̀ tíntìntín níbi tí páànù ti lu. Ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì, kẹ́ ẹ wo ara igi, ibi tí omi bá ti ń gbà máa ń dúdú, ẹ tẹ̀lé dúdú yẹn lọ sókè. Tẹ́ ò bá tíì rí i, ẹ fi omi dán an wò: ẹnì kan nínú àjà, ẹnì kan níta pẹ̀lú họ́ọ̀sì, láti etí òrùlé nísàlẹ̀ lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ máa gòkè díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní sùúrù níbì kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, gbogbo ẹ̀ ló máa tutù, ẹ ò ní mọ èwo lèwo. Ibi tí ẹ̀rọ omi ò bá ti yọ, kẹ́ẹ̀gì àti kọ́ọ̀pù ṣe é. Tí omi bá ń kán nítòsí gílóòbù tàbí fáànù, ẹ pa iná ilé láti mítà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ má sì gun páànù tó bá tutù, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Kéèyàn lẹ̀ ẹ́

Èyí ló rọ̀ jù lówó. Gọ́ọ̀mù sílíkọ́ọ̀nù, téèpù dúdú oníbítúmẹ̀nì tí wọ́n ń lẹ̀, tàbí kóótà tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn. Ẹnikẹ́ni tí ara ẹ̀ bá yá lè ṣe é. Ọ̀rọ̀ a-ò-rí-àdán-a-fòòbẹ̀-ṣẹbọ ni, ó sì dáa fún ihò kan tàbí méjì, pàápàá láàárín òjò tí ẹ ò lè ṣe nǹkan gidi.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni pé wọ́n máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìpáàtà àti eruku. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ibẹ̀ dáadáa, ẹ nù ún, kó gbẹ pátápátá, kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Sílíkọ́ọ̀nù tó bá ń rùn bíi fínígà, ẹ má lò ó lórí páànù onírin, ásíìdì tó wà nínú ẹ̀ máa ń jẹ irin, ẹ béèrè èyí tí kì í rùn bẹ́ẹ̀. Kóótà ní tiẹ̀, oòrùn wa yìí máa ń gbẹ ẹ́, á sán, omi á wá gba abẹ́ ẹ̀ wọlé, ẹ ò sì ní rí ihò yẹn mọ́ torí gbogbo ẹ̀ ti dúdú. Mo ti rí àwọn tó kun òrùlé tán láti etí dé etí, ooru inú ilé ò jẹ́ kí wọ́n lè sùn lọ́sàn-án, torí ohun dúdú máa ń gba oòrùn sára. Ẹ lẹ ojú ibi tó ń jò, ẹ má kun gbogbo òrùlé.

Ẹ má retí pé á pẹ́ títí. Tó bá gbé yín dé ẹ̀ẹ̀rùn, ó ti ṣiṣẹ́ ẹ̀.

Kéèyàn pààrọ̀ ìṣó

Tẹ́ ẹ bá bi mí, èyí ni iṣẹ́ tó níye lórí jù tí àwọn èèyàn kì í kà sí. Ẹni tó bá gun orí Olúmọ rí mọ bí páànù pípọ́n ṣe kún Ìtọ́kò àti agbègbè ẹ̀, àlejò á rò pé gbogbo ilé yẹn ló ń jò. Rárá o. Páànù lè pọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún kó má lu, ìṣó ẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kú. Oòrùn á mú páànù gùn, òru á mú un sún kì, bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ìṣó á máa tú díẹ̀díẹ̀, wọ́ṣà abẹ́ ẹ̀ á gbẹ, á sán, ihò ìṣó á wá fẹ̀ ju ìṣó lọ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á yọ ìṣó tó ti tú, wọ́n á fi síkúrù tó ní wọ́ṣà rọ́bà sí i, èyí tó sanra ju ìṣó àtijọ́ lọ díẹ̀ kó lè di igi mú. Ẹ dúró ti ẹni tó ń ṣe é, kẹ́ ẹ wo nǹkan méjì. Orí gegele páànù ni síkúrù ń wà, kì í ṣe inú kòtò ẹ̀, inú kòtò ni omi ń gbà kọjá. Èkejì, kó má fún un jù, rọ́bà gbọ́dọ̀ tẹ́ mọ́ páànù ni, tó bá ti tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ṣingọ́ọ̀mù tí wọ́n jẹ tì, ó ti fún un pa nìyẹn, kò ní pẹ́ sán. Tó bá jẹ́ páànù alumíníọ̀mù ni, ẹ má jẹ́ kó fi ìṣó irin lásán kàn án, bí omi bá ti wà láàárín irin àti alumíníọ̀mù, alumíníọ̀mù ló máa ń jẹ.

Owó ẹ̀ ju ti lílẹ̀ lọ, iṣẹ́ ọwọ́ ló sì ń gba owó níbẹ̀ ju síkúrù fúnra ẹ̀ lọ, torí ìṣó pọ̀ lórí òrùlé kan. Ṣùgbọ́n tí páànù bá ṣì le, ó lè fún yín ní ọ̀pọ̀ ọdún. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ṣì le? Ẹ fi ẹnu sukuduráífà tẹ ibi tó pọ́n jù. Tó bá wọlé, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ ìṣó, ẹ lọ síbi tó kàn.

Kéèyàn pààrọ̀ páànù díẹ̀

Fún páànù kékeré àtijọ́, èyí rọrùn, owó ẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ti ìṣó lọ. Ẹ gé ègé kékeré lára ti àtijọ́ dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, kí gegele tuntun lè wọ inú ti àtijọ́, torí tí kò bá wọ ara wọn, àlàfo wà níbẹ̀ nìyẹn. Páànù òkè gbọ́dọ̀ gorí ti ìsàlẹ̀ tó ínṣì 6, ó kéré tán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sì rèé, gegele kan ààbọ̀ sí méjì. Àwọn kan máa ń dín èyí kù kí páànù tí wọ́n máa rà má baà pọ̀, òjò oníjì ló ń fi wọ́n hàn.

Lọ́ńgísípáànù ló le. Láti ṣóńṣó òrùlé dé etí ni páànù kan ṣoṣo ń gùn, ẹ̀rọ tó sì tẹ ti yín lè má bá ti ẹlòmíì mu, nítorí náà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ bi í bóyá irú ẹ̀ gan-an ló máa rí. Tí kò bá rí i, ìṣó tàbí lílẹ̀ sàn jù.

Ẹni tí ilé ẹ̀ jẹ́ ásíbẹ́sítọ̀ àtijọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ẹ má fi ayùn rẹ́ ẹ, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má gbá eruku ẹ̀ ní gbígbẹ. Eruku yẹn ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì máa ń gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fara hàn. Tí wọ́n bá gbọ́dọ̀ yọ ọ́, kí wọ́n fi omi rin ín, kí wọ́n yọ ọ́ lódindi, kí wọ́n bo imú dáadáa, kí ọmọdé má sì sí nítòsí. Ó tún máa ń ṣẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀, èèyàn á bọ́ já inú yàrá.

Gọ́tà parapẹ́ẹ̀tì: ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an

Ẹ wo àwọn ilé tuntun ní Ọbáńtókò, Aṣẹ̀rò, Adìgbẹ, gbogbo wa la fẹ́ kí ògiri yọ sókè kó bo òrùlé, kí ilé dà bíi ti Lẹ́kì. Ó wuyì, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun tá a ṣe ni pé a gba ọ̀nà lọ́wọ́ omi, a wá ní kó gba inú gọ́tà kọ́ńkéré kan tó pa mọ́ sẹ́yìn ògiri, kó wá gba páìpù kan ṣoṣo bọ́ sílẹ̀.

Ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀. Òjò mílímítà 1 lórí mítà onígun mẹ́rin 1 jẹ́ lítà omi 1. Tí apá òrùlé tó ń da omi sínú gọ́tà yẹn bá fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 100, tí òjò ńlá kan bá rọ̀ mílímítà 50, lítà 5,000 nìyẹn, tánkì ńlá onílítà 1,000 márùn-ún, tó fẹ́ gba ẹnu páìpù ínṣì 3 jáde láàárín àkókò kúkúrú. Ẹ wá fi ewé máńgòrò, iyanrìn àti ọ̀rá píọ́wọ́tà kan ṣoṣo sí ẹnu páìpù yẹn. Omi á dúró, á kún, á ga ju etí páànù lọ, á wá gba abẹ́ páànù padà sínú ilé. Páànù tuntun tó dáa jù láyé ò lè dá èyí dúró.

Àwọn èèyàn wa tó wà ní Kánádà máa ń sọ irú ẹ̀, ti wọn, yìnyín ló ń fà á. Sínóò á jókòó sórí òrùlé, ooru inú ilé á yọ́ èyí tó wà lókè, omi á ṣàn dé etí òrùlé tó tutù, á tún dì padà, á wá di odi níbẹ̀, omi tó ń bọ̀ lẹ́yìn á dúró, á gba abẹ́ òrùlé wọlé. Òrùlé kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń pààrọ̀ lọ́hùn-ún. Wọ́n á dí ibi tí ooru ń gbà jáde sínú àjà, wọ́n á jẹ́ kí atẹ́gùn máa fẹ́ lábẹ́ òrùlé kó lè tutù, wọ́n á fi igi gígùn wọ́ sínóò kúrò létí òrùlé. Ohun tó dá omi dúró ni wọ́n ń bá jà.

Tiwa náà nìyẹn. Ìgbálẹ̀ àti ṣọ́bìrì ni ìpele àkọ́kọ́, kó tó di pé òjò bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ tún ṣe é ní oṣù kẹjọ tí òjò bá sinmi, owó ẹ̀ ò tó nǹkan. Ìpele kejì, ẹ fi páìpù kejì sí i, àti ihò ìdáàbòbò kan tó la ògiri parapẹ́ẹ̀tì já síta, kó ga díẹ̀ ju ìsàlẹ̀ gọ́tà lọ, ṣùgbọ́n kó rẹlẹ̀ ju etí páànù lọ. Bí páìpù bá dí, ibẹ̀ ni omi á gbà tú síta, gbogbo àdúgbò á rí i, inú pálọ̀ yín á sì gbẹ. Mi ò mọ ìdí tí àwọn bíríkìlà wa kì í fi ṣe ihò yìí, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni tí ilé bá ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ìpele kẹta ni inú gọ́tà fúnra ẹ̀: kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dà á kó dagun sí ọ̀nà páìpù, ó kéré tán sẹ̀ntímítà 1 sí mítà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wá kun ohun tí omi ò lè là já, tàbí kí wọ́n fi iná lẹ fẹ́ẹ̀lìtì, ìyẹn títẹ́ dúdú oníbítúmẹ̀nì, mọ́ ọn.

Ibi tí páànù ti pàdé ògiri ńkọ́? Sìmẹ́ǹtì ni wọ́n máa ń rọ́ sí i, á sì sán láàárín ọdún kan. Kì í ṣe pé bíríkìlà yín ò mọṣẹ́. Alumíníọ̀mù tó gùn ní mítà 6, tí ooru ẹ̀ bá fi dígíríì 40 gòkè láàárín òru àti ọ̀sán, á gùn sí i tó mílímítà 5, kọ́ńkéré ò lè gùn tó ìdajì ìyẹn, sìmẹ́ǹtì tó wà láàárín wọn ò sì lè nà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, sìmẹ́ǹtì tútù máa ń jẹ alumíníọ̀mù. Ohun tó yẹ ni ègé páànù tí wọ́n ká, tí orí ẹ̀ wọ inú ojú tí wọ́n gé sí ara ògiri, tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ kàn bo páànù láìdè mọ́ ọn, kí páànù lè máa rìn lábẹ́ ẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó san owó tó kù, ẹ dí ẹnu páìpù àti ihò yẹn, ẹ rọ omi sínú gọ́tà, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Ẹni tó bá mọṣẹ́ ẹ̀ ò ní bínú sí i. Owó iṣẹ́ yìí wà láàárín, ó ju ti ìṣó lọ, kò ju ìdá díẹ̀ lọ nínú owó òrùlé tuntun, tí wọ́n bá sì ṣe é re, ó máa ń pẹ́.

Kéèyàn ṣí gbogbo ẹ̀

Ìgbà tí èyí tọ́ wà. Tí sukuduráífà bá ń wọ páànù níbi gbogbo, tí ikán ti jẹ igi, tàbí tí òrùlé tẹ́jú jù débi pé omi ò lè ṣàn, ẹ má fowó ṣeré lórí lílẹ̀ mọ́. Ẹ fi sí àárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, tí ọyẹ́ wà, tí òjò ò ní ká yín mọ́ ilé tí ò lórí.

Páànù onírin ló rọ̀ jù lówó, á sì pọ́n. Alumíníọ̀mù kì í dípáàtà, ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe nípọn: mílímítà 0.45 wà, 0.55 wà, 0.7 wà. Mo fara mọ́ 0.55 fún ilé tó pọ̀ jù, 0.45 máa ń tẹ̀ bí kápẹ́ńtà bá ṣe ń rìn lórí ẹ̀, ìjì sì máa ń rí i mú. Sítóònù kótẹ́ẹ̀dì, páànù onírin tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ bo ojú ẹ̀, ló wọ́n jù, ariwo òjò ò pọ̀ lábẹ́ ẹ̀, àmọ́ ègé kéékèèké ni, oríkèé ẹ̀ pọ̀, tí ẹni tó kàn án ò bá mọ̀ ọ́n kàn, ibi tó lè jò pọ̀ gan-an. Ó sì wúwo, bíi kílò 6 sí 7 lórí mítà onígun mẹ́rin kan, alumíníọ̀mù ò ju bíi kílò 2 lọ. Ilé alámọ̀ àtijọ́ ní Ìjẹmọ̀ tàbí Aké, tí igi ẹ̀ ti gbó, ẹ jọ̀ọ́, alumíníọ̀mù ni kẹ́ ẹ fi sí i.

Ta ló máa mú èwo

Ayálégbé: ẹ ya fọ́tò, ẹ fi ránṣẹ́ sí láńlọ́ọ̀dù kó lè wà lákọsílẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ kẹ́rù yín má bàjẹ́, kó parí síbẹ̀. Ẹ má náwó ìṣó sórí ilé onílé, ẹ má sì yọ ọ́ nínú owó ilé láìjẹ́ pé ẹ jọ kọ ọ́ sílẹ̀.

Onílé tí ilé ẹ̀ ní parapẹ́ẹ̀tì, gọ́tà ni kó kọ́kọ́ wò, ẹnikẹ́ni tó bá ní kó ṣí òrùlé, kó bi í léèrè bóyá ó ti dí páìpù kó fi omi dán an wò.

Ilé ẹbí tí páànù ẹ̀ pọ́n ṣùgbọ́n tó ṣì le, ìṣó ni. Èyí tún rọrùn láti dáwó fún, torí wọ́n lè ṣe apá kan lọ́dún yìí, kí wọ́n ṣe èkejì lọ́dún tó ń bọ̀, òrùlé tuntun ò ṣeé ṣe lábọ̀.

Ẹni tó wà lókè òkun tó ń fowó ránṣẹ́ sílé fún òbí: fídíò inú àjà ni kẹ́ ẹ béèrè, kì í ṣe fídíò síìlìnì tó tutù. Ibi tí igi ti dúdú ni kí wọ́n fi hàn yín.

Ẹni tí ikán ti jẹ igi ilé ẹ̀ tí owó ò sì tíì pé, tapólì ni kó rà báyìí, kó fi okùn dè é dáadáa, kó kó ẹrù kúrò nínú yàrá tó wà lábẹ́ ẹ̀, kó sì ti lọ bá kápẹ́ńtà sọ̀rọ̀ oṣù kọkànlá láti ìsinsìnyí.